Takisí dúdú ní Heathrow: ta ni kí àlejò gbọ́kàn lé?

Ẹni tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àárẹ̀ mú, tí kò sì mọ ẹnì kankan, ni àwọn tó ń wá èrò kiri lẹ́nu ọ̀nà àbájáde máa ń sún mọ́. Òfin ilẹ̀ náà ka irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ̀ lé wọn.

Takisí dúdú tó ń tò níta ni mo fara mọ́ gidigidi. Kí awakọ̀ rẹ̀ tó gba báàjì aláwọ̀ ewé, èyí tó fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní The Knowledge, tó ti wà láti ọdún 1865, kí ó sì mọ àwọn òpópónà tó wà láàárín máìlì 6 sí Charing Cross, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, lórí. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ wà lẹ́yìn ọkọ̀, mítà sì ń ka owó lójú yín, tó fi jẹ́ pé kò sí ìdúnàádúrà láàárín ìlú. Wọ́n ń gba káàdì pẹ̀lú.

Owó rẹ̀ ga, n kò ní tàn yín. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line kò wọ́n tó o rárá. Síbẹ̀, fún ìyá àgbà tó ń gbé àpótí ńlá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Peckham lóru, takisí dúdú ni n ó yàn.