Etí Òkun Wo Ni Kí Ẹ Sanwó Sí? Ìfiwéra fún Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Tó Ń Ti Ìlọrin àti Ọ̀fà Gbéra

Àwa tí wọ́n bí sí Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, omi tí a mọ̀ kò ju odò Ọ̀yún, odò Asà àti omi Òwu tó ń dà láti orí àpáta lọ. Ẹni tó bá ti la odò Ọ̀yún kọjá lẹ́ẹ̀mejì ti ń pe ara rẹ̀ ní òmùwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra etí òkun láti orí omi fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti orí owó, kì í sì í ṣe láti orí fọ́tò tí ẹ̀jẹ́ńtì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Èmi ni mò ń kó owó ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa jọ. Mẹ́jọ ni wá, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́ta, mẹ́ta péré nínú wa ló sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ẹ̀yin náà tó ka owó, ẹ ka ara yín: mélòó nínú yín ló lè léfòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdi nǹkan kan mú? Iye yẹn ló máa sọ èyí tó tọ́ sí yín nínú ibi mẹ́rin tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Tarkwa Bay, Elegushi, Àgbádárìgì, àti etí òkun Orílẹ̀-èdè Benin.

Omi tí òkúta sé àti òkun gbalasa

Tarkwa Bay wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó. Nígbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n to òkúta gbọọrọ wọnú òkun níbẹ̀ kí ìgbì má baà máa da ọkọ̀ láàmú, abẹ́ ààbò òkúta yẹn ni Tarkwa sì wà. Ìgbì tó bá máa dé ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé. (Òkúta kan náà ló dá iyanrìn dúró tí òkun fi ń jẹ etí Bar Beach lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi wá mọ odi Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn kó jọ sínú òkun níbẹ̀. Ohun tó bo ìhín ló tú ọ̀hún síta.) Fún ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, èmi kò tíì rí èyí tó tó o nítòsí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ìgbì lórí pátákó náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àlejò. Àmọ́ ẹ má rìn kọjá sí apá ibi ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà, kí ẹ máa rò pé omi kan náà ni. Òkun gbalasa ni tọ̀hún.

Elegushi, ní Lẹ́kí, òkun gbalasa ni látòkèdélẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ kì í yọ́ wá. Ṣe ló máa ń wó lulẹ̀ síwájú èèyàn, bí omi bá sì ti ń padà, iyanrìn á máa sá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ. Bí ẹ bá ń wá orin, súyà àti èrò, ẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọ omi, n kò ní bá yín dá a lábàá. Kí ẹ sì mọ̀ pé owó ẹnu ọ̀nà nìkan kọ́: owó àga wà, owó tábìlì wà, owó ìbòòji wà. Ọmọ Ìlọrin kan nínú wa tiẹ̀ sanwó gun ẹṣin níbẹ̀. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀! A bi í pé kí ló dé, ó ní ẹṣin òkun yàtọ̀.

Ní Àgbádárìgì, ọ̀sà lẹ máa kọ́kọ́ kọjá kí ẹ tó dé erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ tí wọn kò padà mọ́. Ìrìn yẹn àti ọ̀sà yẹn ló dùn níbẹ̀. Òkun tó wà lópin rẹ̀, wíwò ni. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ìtàn á tún rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 nínú ìlú. Tí àwọn ọmọ Ọ̀fà bá wà nínú yín, iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fú fẹ̀ tó fún ohun tí wọ́n máa ṣe ṣáá: ìjàkadì lorò Ọ̀fà.

Ní Benin, ìlú méjì ni mo fẹ́ sọ. Ouidah ní ọ̀nà ẹrú tirẹ̀, bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé etí òkun, níbi tí wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà ìrántí ńlá kan ró sí. Òkun ibẹ̀ le bíi ti Elegushi. Grand-Popo ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, nítorí pé odò Mono wà lẹ́yìn ìlú, ó ń lọ pàdé òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ọkọ̀ apẹja á gbé yín gba àárín igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi lọ, ẹ ó sì rí ibi tí alábahun òkun ti ń yé ẹyin sí. Ẹ fi òkun sílẹ̀ fún wíwò níbẹ̀ náà.

Bí a ṣe ń ka ojú omi

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí kò sí ẹ̀jẹ́ńtì tó máa sọ ọ́ fún yín.

Omi tí ìgbì gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà. Kì í gba gbogbo ojú iyanrìn padà. Ó máa ń wá ibi tó jìn díẹ̀, á gba ibẹ̀ lọ bí odò tóóró. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ibẹ̀ gan-an ló máa dà bí ibi tó rọlẹ̀ jù. Ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ìfófòó funfun kò sí, omi rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ará òkè bíi tiwa máa ń yàn láti wẹ̀.

Ní Gbẹ̀rẹ̀fú lọ́dún méjì sẹ́yìn, apẹja kan mú èèpo àgbọn nílẹ̀, ó jù ú sí irú ojú omi bẹ́ẹ̀. A rò pé ìgbì á gbé e padà wá bá wa. Èèpo náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, jẹ́jẹ́, bí ohun tí wọ́n fi okùn fà. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ọ̀rẹ́ wa tó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tán wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà láìsọ̀rọ̀. Odò kì í kún bo ẹja lójú, àmọ́ ará Kwara kì í ṣe ẹja.

Bí omi yẹn bá mú ẹnì kan, kó má bá a jà láti wá sílé tààrà, agbára rẹ̀ á tán. Kó léfòó, kó juwọ́ sókè, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá etíkun, títí á fi bọ́ kúrò lójú ọ̀nà omi náà. Ìgbì ló máa wá gbé e bọ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ní ìdérí, okùn, ohunkóhun tó lè léfòó ni kó jù sí i. Àwa ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dání nígbàkígbà tí a bá ń lọ, àwọn èèyàn á sì máa bi wá bóyá epo la fẹ́ lọ rà.

Ojú ọ̀nà

Bíi 300 kìlómítà ni láti Ìlọrin dé Èkó. A máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù, a ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, a ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà kí a tó wọ ìgboro Ìbàdàn. Ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní gbangba lọ́dún 2021, ó sì ń já wa sí Alágoméjì ní Èkó. Àtibẹ̀ dé èbúté CMS kò jìnnà, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí Tarkwa borí. Àgbádárìgì wà ní òdìkejì Èkó pátápátá, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà ibẹ̀ lè jẹ yín ní ìdajì ọjọ́.

Benin tún kọjá ìyẹn, ẹ ó gba bodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹ kò nílò físà, àmọ́ ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì pààrọ̀ owó sí sẹ́fà. Èdè Faransé lèdè ìjọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tiwa) àti Kútọnu, Yorùbá á gbà yín. Àwọn kan á ní ká gba Bárútẹ̀n, ká ti Ṣíkáńdà já sí Parakou, ṣebí Kwara ló ni bodè yẹn. Rárá o. Ààbò ọ̀nà yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń fi fàájì dán wò.

Busua ní Ghana, lápá Takoradi, ìgbì ibẹ̀ rọrùn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ gígun ìgbì. Ó jìnnà jù fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ẹ bi ẹ̀jẹ́ńtì pé ṣé owó ọkọ̀ ojú omi àlọ àti àbọ̀ wà nínú rẹ̀, aago mélòó sì ni ọkọ̀ àbọ̀ máa gbéra. Nígbà kan, a sanwó ilé etí òkun fún ẹnì kan, a sì dé ibẹ̀ bá jẹnẹrétọ̀ tí kò ní epo, ọlọ́kọ̀ wa ti lọ, ọkọ̀ mìíràn tó wá ní ìrọ̀lẹ́ sì ń béèrè ìlọ́po méjì. A san án nítorí ilẹ̀ ń ṣú. Kò sí ẹni tó ń ná ọjà dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lórí omi.

Ẹ béèrè láífù jákẹ́ẹ̀tì, iye tó wà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín lórí fídíò. A kò gbàgbé oṣù Òkúdù 2023, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pàtígì dànù lóru, tí èèyàn tó lé ní 100 sì kú. Odò Ọya lèyí, kì í ṣe òkun. Ọkọ̀ tó kún jù, tàbí tó fẹ́ gbéra lálẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ ti sanwó.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní etí òkun Landmark ní Èkó ni wọ́n ti wó lọ́dún 2024 nítorí ọ̀nà Èkó sí Calabar, fọ́tò rẹ̀ ṣì ń kiri. Ní Tarkwa náà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kúrò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé oúnjẹ tí ẹnì kan jẹ níbẹ̀ ní 2018. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Wàrà kọ́ o. Tiwa ti kan kí a tó dé Mọ́níyà.

Òkun a máa ru jù ní àsìkò òjò, pàápàá Agẹmọ àti Ògún. Ọ̀pẹ̀ dára ṣùgbọ́n èrò á pọ̀. Èrèlé lèmi ń yàn.

Tarkwa la mú lọ́dún yìí, ojúmọ́ kan, ká padà sùn sí Yaba. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn márùn-ún tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ti ń lọ sí omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń léfòó. Mẹ́rin ti pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnì karùn-ún ṣì di ẹ̀gbẹ́ omi mú.