Intel, AMD tàbí Nvidia: Èwo ni ká rà kí Linux má baà dákú lójú wa?

Ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti gbé Linux sórí rẹ̀ sábà máa ń béèrè bí ráàmù rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bóyá SSD ló wà nínú rẹ̀, àti wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ ń gbé. Ìbéèrè tí kì í sábà jáde lẹ́nu ni èyí tó máa ń di wàhálà ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e délé: ta ló ṣe káàdì àwòrán inú ẹ̀rọ yìí, Intel, AMD tàbí Nvidia, ìran wo sì ni? Bó ṣe máa ń rí nìyí: wọ́n á ki fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ bọ̀ ọ́, àmì Ubuntu, oríṣi Linux kan, á yọ, òrùka kékeré abẹ́ rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀rọ á dúdú kirikiri, tí fáànù nìkan á máa pariwo. Lójú tèmi, ìdákú bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rà á mọ́ ọjà. Nítorí náà, káàdì tó yára jù kọ́ ni mo ń wá nínú ìfiwéra yìí, bí kò ṣe èyí tí a ó fi gbé Linux sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ó sì lọ sùn.

Ọmọ onílé àti ayálégbé

Dráífà ni ètò tó ń bá kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, túmọ̀ èdè káàdì àwòrán. Dráífà Intel tó ń jẹ́ i915, àti ti AMD tó ń jẹ́ amdgpu, èyí tó wọ inú kernel ní 2015 pẹ̀lú ẹ̀dà 4.2, ọmọ onílé ni àwọn méjèèjì: inú kernel gan-an ni wọ́n ń gbé, bí wọ́n bá sì tún ilé náà kọ́, yàrá wọn ti wà níbẹ̀. Ayálégbé ni dráífà tí Nvidia ń ṣe fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un kọ́ kó lè bá ilé tuntun mu, bí àtúnkọ́ náà kò bá sì yọrí, bóyá nítorí pé fáìlì kan kò pé, tàbí nítorí pé iná lọ láàárín iṣẹ́ tí bátìrì ẹ̀rọ náà kò sì gbé nǹkan kan mọ́, ojú dúdú ni ẹ ó bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ onílé kan wà fún Nvidia náà, tó ń jẹ́ nouveau. Àwọn olùfẹ́ Linux ló jókòó ti káàdì náà, tí wọ́n ń wo bó ṣe ń ṣe, tí wọ́n sì kọ dráífà fún un láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ṣí ìwé rẹ̀ fún wọn. Ó wọ inú kernel ní 2010. Òun ni ọ̀pọ̀ fláàṣì Linux máa ń kọ́kọ́ pè nígbà tí wọ́n bá rí káàdì Nvidia, òun náà ló sì máa ń ṣubú jù. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ ọ́ ya ọ̀lẹ: láti orí ìran káàdì GTX 900 síwájú ni Nvidia ti ń fi òǹtẹ̀ de firmware, ìyẹn ètò kékeré tí káàdì fúnra rẹ̀ ń lò, tí nouveau kò fi lè gbé eré káàdì náà sókè bó ṣe yẹ. Àìfọwọ́sowọ́pọ̀ Nvidia ti wà ṣáájú ìyẹn, òun ló sì mú kí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀ ní 1991, sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Nvidia ní gbangba ní Yunifásítì Aalto ní Finland ní 2012. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún 2022, Nvidia ṣí apá kan dráífà rẹ̀, ìyẹn apá tó ń wọ inú kernel, fún gbogbo ayé láti rí. Ayálégbé náà ti ń kọ́ ìwà, ṣùgbọ́n kò tíì di ọmọ onílé.

Intel: ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò wíwò àti ètò kọ̀ǹpútà kíkọ, ẹ ra Intel, kí ẹ má sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5 àti Dell Latitude 7490 tó kún inú ṣọ́ọ̀bù Computer Village ní Ìkẹjà, káàdì Intel UHD 620 ló máa ń wà nínú wọn, Linux sì ti mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Àléébù tó kù ni pé ojú ẹ̀rọ lè máa ṣẹ́jú lórí àwọn kan. Bí ẹ bá fi i915.enable_psr=0 kún àṣẹ tí kernel ń gbà nígbà tó bá ń jí, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Ẹ ṣáà wò ó dáadáa kó má jẹ́ T480 tó ní MX150 nínú, nítorí Nvidia nìyẹn, a ó sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti Arc, káàdì Intel fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, yàtọ̀ díẹ̀. Ìran àkọ́kọ́ tó jáde ní 2022 ń fẹ́ kernel 6.2 ó kéré tán, B580 tó sì dé ní ìparí 2024 ń fẹ́ 6.12.

AMD: alágbára tó ń fẹ́ ilé tuntun

AMD ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù tàbí tó fẹ́ káàdì tó lágbára láìwá ìjàngbọ̀n. ThinkPad T14 ìran kìíní tó ní Ryzen, tàbí EliteBook 845 G7, ti pẹ́ tó fún Linux láti mọ̀ wọ́n dáadáa. Àṣìṣe tí àwọn tó ti Windows bọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ wa dráífà jáde láti ojú ewé AMD, wọ́n á sì fi ba èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Kò sí ohun tí ẹ ní í wà jáde. Ohun tó wà nínú kernel, pẹ̀lú Mesa, àkójọ ètò tó ń bá dráífà ya àwòrán, tó ti bá Linux yín wá, ti tó.

Níbi tí AMD ti máa ń dákú ni ìgbà tí káàdì bá kéré lọ́jọ́ orí ju kernel lọ. Radeon RX 9070 jáde ní oṣù kẹta 2025; Ubuntu 24.04 ti jáde ní oṣù kẹrin 2024 pẹ̀lú kernel 6.8. Ẹni tó bá fi fláàṣì 24.04 àkọ́kọ́ yẹn gbé Linux sórí ẹ̀rọ tó ní RX 9070, ọmọ tí a kò tíì bí ló ń ní kí kernel pe orúkọ rẹ̀. Ẹ lo 24.04.3 tó ní kernel 6.14, tàbí Fedora, oríṣi Linux mìíràn tí kernel rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó di tuntun. Ẹni tó fẹ́ràn Debian, tí òun náà jẹ́ oríṣi Linux kan, níláti mọ̀ pé kí ẹ̀dà 12 tó jáde ní oṣù kẹfà 2023, fláàṣì Debian kì í sábà kó firmware AMD dání. Ẹ̀dà àtijọ́ tó ṣì wà lórí fláàṣì ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ ìdí tí ojú ẹ̀rọ fi dúdú.

Nvidia: ẹ ka lẹ́tà kí ẹ tó ka owó

Àwọn kan wà tí kò ní ibòmíràn lọ. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá pẹ̀lú CUDA, ètò tó ń fi káàdì Nvidia ṣe ìṣirò, gbọ́dọ̀ ra Nvidia, nítorí Nvidia ló ni CUDA. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìran káàdì ṣe pàtàkì ju bí ráàmù rẹ̀ ṣe tó lọ.

Àwọn láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ ńlá bíi HP ZBook, Dell Precision àti ThinkPad P sábà máa ń ní Quadro, káàdì Nvidia fún iṣẹ́ ńlá, nínú, lẹ́tà tó ṣíwájú nọ́ńbà rẹ̀ ló sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. K, bíi K2100M, ìran Kepler ló sábà máa ń jẹ́: ẹ̀ka dráífà 470 ló gbẹ̀yìn fún un, Nvidia sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní 2024, nítorí náà kernel tuntun lè má gbà á rárá. Ẹ má rà á fún Linux, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. M ni Maxwell, P sì ni Pascal. Ẹ̀ka 580 ni ìkẹyìn fún àwọn méjèèjì, àti fún GTX 900 òun GTX 1000. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra P2000 lónìí, arúgbó tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì ló gbà síṣẹ́. T, bíi T1000 àti T2000, Turing ni, bẹ́ẹ̀ náà ni GTX 1650 àti 1660. Àwọn wọ̀nyí àti gbogbo RTX ni dráífà tuntun ṣì ń tọ́jú, lórí wọn nìkan sì ni apá dráífà tí Nvidia ṣí sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. MX150 àti MX250 máa ń tan èèyàn jẹ nítorí orúkọ wọn dún bí tuntun. Pascal ni wọ́n. Fún RTX 50 tó dé ní 2025, apá tó ṣí sílẹ̀ náà nìkan ni ó ń gbà. Bí ẹ bá gbé èyí tó wà ní títì sí i, kò ní rí káàdì náà rárá.

Ìdákú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ ṣe é borí. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ dúró lórí àkójọ GRUB, ètò tó ń jí Linux. Ubuntu ní ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ «safe graphics» sí. Linux Mint ń pe tirẹ̀ ní «compatibility mode». Bí kò bá sí, ẹ tẹ lẹ́tà e, ẹ wá ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ìparí rẹ̀ lẹ́yìn quiet splash, ẹ kọ nomodeset síbẹ̀, kí ẹ sì tẹ F10. Àwọn lẹ́tà á tóbi gàdàgbà, àwòrán á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ọ̀nà. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ní Intel àti Nvidia pa pọ̀, modprobe.blacklist=nouveau ni mo fẹ́ràn jù, nítorí nouveau nìkan ló ń dá dúró, Intel á sì máa gbé àwòrán bó ṣe yẹ, nígbà tí nomodeset ń so gbogbo dráífà àwòrán inú kernel mọ́lẹ̀, títí kan ti Intel.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé dráífà Nvidia wọlé láti inú Linux yín fúnra rẹ̀. Ubuntu ní «Additional Drivers», Mint ní «Driver Manager», Fedora ń lo akmod-nvidia láti inú RPM Fusion, àkójọ ètò àfikún fún Fedora, ẹ sì ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ kó fi parí àtúnkọ́ kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn. Fáìlì tí Nvidia ń gbé sójú ewé tirẹ̀ ju 300 MB lọ, dátà kì í sì í ṣe omi òjò, ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà 19.10 ni Ubuntu ti ń kó dráífà náà sínú fáìlì ISO tí a fi ń ṣe fláàṣì, Pop!_OS, oríṣi Linux mìíràn, sì ní ISO ọ̀tọ̀ fún Nvidia.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni Secure Boot, ètò ẹ̀rọ tó ń dènà dráífà tí kò ní òǹtẹ̀ tó mọ̀. Bó bá wà ní títàn, Ubuntu á ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan; nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn, ojú búlúù kan á yọ, «Enroll MOK» ni kí ẹ yàn níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá kánjú yan «Continue boot» á ní dráífà lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kernel kò ní gbà á wọlé, nvidia-smi, ètò tó ń ṣàyẹ̀wò káàdì Nvidia, á sì máa ráhùn pé òun kò rí dráífà bá sọ̀rọ̀.

Ìdákú tí kì í ṣe ẹjọ́ dráífà

Bí Linux bá ti wọlé tán tó wá ń dákú lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ kọ journalctl -k -b -1 sínú Terminal, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ohun tí kernel sọ kó tó dákú ni yóò fi hàn yín. «GPU HANG» ni ti Intel, «ring gfx timeout» ni ti AMD, kernel àti Mesa tuntun sì máa ń wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn. Ti Nvidia máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «NVRM: Xid» àti nọ́ńbà kan. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 79, ohun tó túmọ̀ sí ni pé káàdì náà dédé pòórá mọ́ kernel lójú. Ooru, iná tí kò tó, tàbí káàdì tó ti ń kú ló sábà máa ń fà á. Kò sí dráífà tó máa wo ìyẹn sàn, ẹ dá ọjà padà.

Lórí káńtà

Ẹ gbé fláàṣì yín dání, kí Ubuntu tàbí Mint sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kò ní kọ̀, bí ẹ bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: «Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tàn án wò, kò ní kan Windows yín.» Nígbà tó bá wọlé, bó bá jẹ́ Ubuntu, ẹ ṣí Settings, ẹ wá About níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí iwájú Graphics. Bó bá jẹ́ orúkọ káàdì, ó dáa. Bó bá jẹ́ llvmpipe, káàdì náà kò ṣe nǹkan kan, CPU ló ń fi agídí ya àwòrán.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jọ lọ ra láptọ́ọ̀pù nígbà kan, oníṣọ́ọ̀bù náà sì ti gbé Ubuntu sórí ẹ̀rọ sílẹ̀ dè wá. «Ẹ wò ó fúnra yín, ó ń ṣiṣẹ́ gere, kò sí wàhálà kankan.» Lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí Terminal, mo kọ cat /proc/cmdline, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà náà sì ni nomodeset. Wọ́n ti fi ọ̀pá ti ògiri tó fẹ́ wó, wọ́n sì kun ún lọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí lèyí já sí, mo ní kí wọ́n da owó wọn padà sápò ná.

Bí ìlà yẹn bá mọ́, ẹ ṣe fídíò kan kó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ẹ so ó mọ́ mọ́nítọ̀ ìta bí wọ́n bá ní, nítorí lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù oníkáàdì méjì, ara Nvidia ni ihò HDMI so mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa ideri rẹ̀ dé, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù ná owó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un ṣí. Bí ojú rẹ̀ bá là padà láìsí pé ẹ tẹ bọ́tìnnì iná, ẹ lè san owó.