Mo mú ọmọ mi lọ wo OAU kó tó gba fọ́ọ̀mù JAMB

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín máa gba fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kàn mú orúkọ yunifásítì nínú fóònù. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Èmi, ọmọ mi obìnrin, àbúrò ẹ̀ àti màmá mi la jọ lọ wo OAU, ìyẹn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Great Ifẹ̀, láti Èkó la ti wọkọ̀, a gba Ìbàdàn kọjá, nígbà tá a dé Ìkirè màmá ní òun ò lè kọjá níbẹ̀ láì ra dòdò Ìkirè, la bá dúró rà á.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ o, ẹ má lọ ní wíkẹ́ẹ̀ndì, torí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́kíṣọ̀ lẹ máa mọ bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Geèti jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kàwé, tẹ́ ẹ bá mú àgbàlagbà dání ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń ná inú kámpọ́ọ̀sì.

Architecture ló wu ọmọ mi, torí náà ilé ló ń wò látìgbà tá a ti wọlé. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì kan, ló ṣe pláànù kámpọ́ọ̀sì yẹn, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Humanities ẹ máa rí i pé òkè ilé fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, kó lè máa ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́! A kàn sún mọ́ ògiri ni, ó ń rọ̀ yàà níwájú wa, kò kan bàtà wa rárá, atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín ilé kọjá láìsí fáànù kankan. Inú mi dùn gan-an pé ọmọ yẹn rí i.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé náà ní 1962, 1967 ni wọ́n kó wá sí Ifẹ̀, 1987 ni wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀ ni màmá ṣì ń pè é títí a fi délé.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́yin dákẹ́. A pàdé ọmọbìnrin kan tó gbé módẹ́ẹ̀lì ilé tí wọ́n fi páálí gé dání, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn níka. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, "Ẹ káàsán mà," ó wá kọjú sí ọmọ mi, ó ní, "Àbúrò, tí ọjọ́ tá a máa kó iṣẹ́ wa fún olùkọ́ bá ti sún mọ́, a kì í sùn o." Ó sọ iye tí páálí ń ná an, ó sọ bí wọ́n ṣe ń yáwó rà á. Kò sí ìwé ìpolówó tó máa sọ ìyẹn fún yín. Màmá ṣàdúrà fún un dáadáa.

A ti kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni wọ́n mú wa yí ká, a ní ká wo hóstẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní kò ṣe é ṣe, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé ni wọ́n ń tẹnu mọ́ ṣáá. Ẹ sá fún irú ibẹ̀. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ béèrè iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan, ẹ béèrè omi, ẹ béèrè iná, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó ń gbé ìta kámpọ́ọ̀sì pé èló ni rẹ́ǹtì.

Ọmọ mi ti ní OAU lòun máa fi ṣe first choice, Maths àti Physics ló sì ń kà lójoojúmọ́ báyìí, èmi ò tiẹ̀ lé e sídìí ìwé.