Ráàkì bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo rà l'Ìgbóǹà: ó dáa, àmọ́ ẹ dè é mọ́ ògiri

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé rúùmù àti pálọ̀ bíi tiwa, tó jẹ́ pé èèyàn ò tíì ti ilẹ̀kùn tán tó ti tẹ bàtà ẹlòmíì mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ráàkì bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo rà l'ọ́jà Ìgbóǹà, l'Òṣogbo níbí, fún yín, torí mo ti lò ó látìgbà ọyẹ́ títí tá a fi wọ inú òjò báyìí, mo sì ti mọ ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí. Ó dáa. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ló máa bá mu, àti pé kì í ṣe gbogbo nǹkan tí ẹni tó tà á fún mi ní ó máa ṣe ló ń ṣe.

Kì í ṣe onípáìpù tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò yẹn ni mò ń sọ o. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe eléyìí, ó ga dé àyà mi, ó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́ta lórí ara wọn, dúrọ́ọ̀ yẹn kì í sì í jáde bíi ti tábìlì, ńṣe lẹ máa fà á lókè, orí ẹ̀ á wá dà síwájú, ìdí ẹ̀ á dúró síbi tó wà. Inú ẹ̀ lẹ máa ki bàtà sí, imú bàtà nísàlẹ̀, gìgísẹ̀ lókè, bàtà á wà lóòró. Ohun tó jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Bàtà ọkùnrin size 43, ó máa ń gùn tó nǹkan bí íńṣì 12, torí náà ráàkì tí wọ́n bá ti tẹ́ bàtà sí gbalaja gbọ́dọ̀ yọ tó ẹsẹ̀ bàtà kan jáde lára ògiri, kò sọ́gbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Tèmi yìí, íńṣì 7 ló yọ.

Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn. Kọ́rídọ̀ wa fẹ̀ ní íńṣì 36. Ẹ yọ 12 kúrò ńbẹ̀, ó ku 24, ẹni tó gbé bàsíà omi tàbí tó pọn ọmọ ti fara gbo ògiri nìyẹn. Ẹ wá yọ 7, ó ku 29, èèyàn á kọjá láìyẹ̀gbẹ́. Àwọn ilé àtijọ́ lápá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tí wọ́n ní kọ́rídọ̀ ńlá láàárín tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn yẹn ò nílò irú ẹ̀, ráàkì yòówù kí wọ́n gbé síbẹ̀ ààyè á ṣì wà. Àwa tá a wà nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ báyìí, tí wọ́n kọ́ pálọ̀ tó tóbi tí wọ́n sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà, àwa ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé lọ rà á, ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn yín ń ṣí sí. Tiwa ń ṣí sínú, tá a bá gbé ráàkì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni á máa gbá a títí tó fi máa dá ihò sí i lára, torí náà ògiri kejì la gbé e sí. Tí dúrọ́ọ̀ bá dà síwájú pẹ̀lú, ó máa gba ààyè díẹ̀ sí i, ẹ ní láti rí i pé kò ní kan ilẹ̀kùn tó bá wà ní ṣíṣí. Nǹkan míì tẹ́nì kan ò kì í sọ fúnni ni táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri. Ìdí ráàkì máa kan táìsì yẹn, orí ẹ̀ ò wá ní kan ògiri, á fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn. Káfíńtà tó bá wa gbé e kalẹ̀ gé pákó pẹlẹbẹ kan tó nípọn tó táìsì náà, ó fi há ẹ̀yìn ẹ̀ lókè kó tó de sukúrù, ó sì dúró ṣánṣán.

Ọ̀rọ̀ sukúrù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò kí wọ́n kàn án mọ́ ibì kankan, pé ó wúwo, pé á dá dúró. Kì í ṣe òótọ́. Nǹkan tí ìdí ẹ̀ ò ju íńṣì 7 lọ, tí ẹ bá wá fa dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú lẹ́ẹ̀kan náà tòun ti bàtà tó kún inú wọn, gbogbo ìwúwo ẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn, ó ti bọ́ síwájú, kí ló máa wá dá a dúró? Ilé tó bá sì ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ọmọ yẹn máa fẹ́ gun dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ bí ẹni gun àkàsọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n. Kò sí àwàdà ńbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dírílù lu ògiri, kí wọ́n ki fíṣà, ìyẹn ike kékeré tí sukúrù máa ń wọ̀ sínú ẹ̀, sí i, kí wọ́n wá de sukúrù, ó kéré tán méjì lókè. Ìṣó lásán ò lè ṣe é, torí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́lé níbí, tẹ́ ẹ bá ti ń gbá ìṣó mọ́ ọn ńṣe ni plásítà á máa já bọ́, ìṣó náà á sì máa mì. Àwa tá a jẹ́ rẹ́ńtì, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó lu ihò o. Tiwa ò bínú, ó kàn ní ká dí i padà lọ́jọ́ tá a bá ń kó lọ.

Ní ti iye bàtà tó ń gbà, wọ́n ní 18 ni. Bóyá tó bá jẹ́ sílípáàsì ọmọdé nìkan. Dúrọ́ọ̀ tí bàtà ọkọ mi wà, mẹ́ta péré ló gbà, torí bàtà ọkùnrin fẹ̀, ṣúù aláwọ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ tún nípọn ní ìdí. Dúrọ́ọ̀ tèmi gba mẹ́rin, kóòtù ṣúù wọlé dáadáa tẹ́ ẹ bá yí gìgísẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ga jù ni kì í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀ pa dé. Tàwọn ọmọ ló gbà jù, Cortina síkúùlù wọn, kánfáàsì, sáńdà, gbogbo ẹ̀ wọlé, torí ẹsẹ̀ wọn kéré, a tún lè tò ó ní ìlà méjì, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn. Réèn búùtù kò wọlé rárá, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò, bàtà tí ẹ̀ ń wọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀, èyí tó jẹ́ ti òde ìnáwó, ti lace àti aṣọ òkè, kó wà nínú páálí ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí wọ́dúròóbù. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibùgbé gbogbo bàtà ilé. Látìgbà tá a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń rí bàtà síkúùlù wọn láàárọ̀ láì sí pé wọ́n ń wá ẹsẹ̀ kan kiri abẹ́ ṣíà, tí mo bá ń sọ pé mo fẹ́ràn ráàkì yìí, ti àárọ̀ yẹn gan-an ni mo ń sọ.

Nígbà ọyẹ́, èrè ẹ̀ tún hàn sí i. Ẹ mọ eruku tó ń bọ̀ látojú títì tí ò lọ́dà, onípáìpù tó ṣí sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó jí, bàtà dúdú ti di pupa. Eléyìí ní ojú, eruku ò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀. Àmọ́ ojú yẹn kan náà ló wá di ìṣòro nígbà òjò. Bàtà tó tutù, tẹ́ ẹ bá kì í sínú ibi tó pa dé, á rùn, awọ á sì bu, á yọ funfun fúnfun lára bí ìyẹ̀fun. Bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ò fẹ́ omi, tó bá mu omi á wú, tó bá sì ti wú kò ní padà sípò mọ́. Nílé wa, òfin ni, bàtà tó bá tutù ò gbọdọ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀, á kọ́kọ́ dúró níta lórí fèrèsé, a máa ki níúsípépà sínú ẹ̀ kó fa omi ẹ̀, á dọjọ́ kejì kó tó wọlé. Mo tún ní kí káfíńtà bá mi lu ihò kéékèèké sí pákó ẹ̀yìn ẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀, mo sì di èédú sínú aṣọ tí mo fi sí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí gba òórùn náà gan-an. Àwọn kan ní kí n fi káńfọ̀ sí i nítorí aáyán, àmọ́ ọmọ kékeré lè rò pé súìtì ni, mi ò fi sí i. Ẹ kàn máa gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ibi tó bá ṣókùnkùn tó sì gbẹ, àkekèé fẹ́ràn ibẹ̀.

Wàyí o, ti àlejò. Ráàkì wo ló lè gba bàtà àlejò nílé Yorùbá? Sọ́ńdè tí àsàlátù bá bọ́ sílé wa, tàbí oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé tí àwọn ẹbí bá wọlé láti Ìbàdàn àti Èkó, kò sẹ́ni tó máa ní kí àwọn èèyàn máa fa dúrọ́ọ̀ ki bàtà wọn sí. Kò tiẹ̀ bójú mu, àgbàlagbà á wá máa bèèrè ibi tí bàtà òun wà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú tèmi ni pé ó ní ẹsẹ̀, ó fi bí íńṣì 5 ga kúrò nílẹ̀, abẹ́ ẹ̀ yẹn la fi sílẹ̀ fún àlejò. Sílípáàsì àti sálúbàtà ń wọ abẹ́ ẹ̀ dáadáa. Tí ìyá ọkọ mi bá dé, ọmọ tó bá wà nítòsí ló máa gba bàtà wọn, á yí i kọjú sílẹ̀kùn kí màmá má bàa máa bẹ̀rẹ̀ wá a nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹsẹ̀ gíga yẹn tún jẹ́ kí mọ́ọ̀pù wọ abẹ́ ẹ̀, omi tó bá sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé nígbà òjò kò kan bọ́ọ̀dù. Èyí tó jókòó sílẹ̀ pátápátá tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, mi ò gbà á nítorí ìyẹn.

Ibi tó kù sí: tépù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí bọ́ọ̀dù ti ń ṣí ní igun kan, mágínẹ́ẹ̀tì tó ń di dúrọ́ọ̀ àárín mú ò lágbára, ó máa ń ya díẹ̀ fúnra ẹ̀. Sukúrù tó bá a wá kúrú, kò sì sí fíṣà kankan nínú páálí, ọwọ́ mi ló ti wá. Ìyẹn ò dáa fún nǹkan tí wọ́n gba owó gidi lórí ẹ̀.

Àbúrò mi tó ń gbé lápá Ògo-Olúwa lo onípáìpù, owó ẹ̀ ò tó ìlàjì tèmi, ó fúyẹ́, ẹ lè dá tò ó. Ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń so páìpù yẹn pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kán, tí ọ̀kan bá ti lọ gbogbo ẹ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá jẹ́ èmi, kí n tó ra ìyẹn ma kúkú lọ bá wẹ́dà kó bá mi jó onírin, kó dagun sẹ́yìn kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kó kùn ún dáadáa nítorí ìpatà. Ìyẹn lè bá yín dalẹ́, eruku ni ò ní gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀.

₦45,000 ni mo ra tèmi, ₦55,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, owó káfíńtà àti ti kẹ̀kẹ́ Màrúwà yàtọ̀. Ẹni tí kọ́rídọ̀ ẹ̀ há tí kò ju èèyàn mẹ́rin, márùn-ún lọ nílé, kó rà á. Ẹ mú tépù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́wọ́ lọ, ẹ mú bàtà tó gùn jù nínú ilé yín dání kẹ́ ẹ kì í wò lójú wọn, ẹ fa dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, tẹ́ ẹ bá sì dúnàádúrà tán, ẹ ní kí wọ́n fi fíṣà àti sukúrù gígùn kún un kẹ́ ẹ tó sanwó.