Fíìmù Instax tí mo rà n'Íbàdàn, àti ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀

Kì í ṣe kámẹ́rà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ẹni tó bá ti di Instax Mini 12 mú rí, kámẹ́rà tí fótò ń jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀rọ̀ fíìmù inú rẹ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ ilé ìtajà tí mo ti rà á n'Íbàdàn. Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni mo máa ń yà: ìyá ẹlẹ́kọ tó ń pọ́n ẹ̀kọ, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀, àwọn aláró Abẹ́òkúta nídìí ìkòkò wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ya ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ìkejì sì di tèmi. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń ya àwọn ọlọ́jà wa, tí wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn yóò fi fótò ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbúròó wọn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń náwó lé fíìmù yìí bó tilẹ̀ wọ́n.

Ní agboolé àwọn aláró kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú, màmá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà gbà kí n ya òun bí òun ṣe ń fa aṣọ jáde nínú aró. Mo yà á, fótò jáde, màmá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó di etí fótò náà mú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe, a sì jọ dúró. Ohun tó hàn lórí rẹ̀ kò ju èéfín pupa rúsúrúsú lọ, ìkòkò hàn díẹ̀, ojú ènìyàn kò hàn rárá. Mo tún un yà, bákan náà ni. Màmá yí fótò náà síwá sẹ́yìn, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, apá ibo ni mo wà níbẹ̀?” N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ló mú kí n máa kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Nígbà tí mo yẹ páálí fíìmù náà wò, mo rí i pé orí ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ ìparí ìlò sí gan-an ni ilé ìtajà náà lẹ bébà iye owó mọ́. Mo fi èékánná hó o kúrò, ọjọ́ náà sì ti kọjá tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí lórí irú fíìmù báyìí. Inú etí funfun tó fẹ̀ nísàlẹ̀ fótò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n di kẹ́míkà sí. Bí fótò ṣe ń jáde ni róòlà inú kámẹ́rà ń fún kẹ́míkà náà, tí ó sì ń tẹ́ ẹ sórí gbogbo ojú rẹ̀. Bí kẹ́míkà yẹn bá ti gbó, tàbí tí ooru ti bà á jẹ́, kò sí ohun tí ọwọ́ ayàwòrán lè ṣe sí i. Inú àpótí gíláàsì tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán ni ilé ìtajà náà sì ń pàtẹ tiwọn sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ gba páálí náà lọ́wọ́ mi. “Àǹtí, ẹ ti ṣí i. Ọjà tí wọ́n bá ti ṣí, a kì í gbà á padà.” Ó nawọ́ sí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo béèrè ẹni tó lẹ iye owó lé orí ọjọ́ náà, ó ní ibẹ̀ ni àyè wà. Ó ní bóyá kámẹ́rà mi ló bàjẹ́. Fíìmù ṣì kù nínú kámẹ́rà, nítorí náà mo ya òun fúnra rẹ̀ níbi tó dúró sí, mo gbé fótò náà sórí káńtà, a sì jọ ń wò ó. Èéfín pupa yẹn náà ni. Ó wò ó dáadáa, ó ní, “Ó mà dára bẹ́ẹ̀, Àǹtí, ó dà bíi fótò àtijọ́.” Ibẹ̀ ni mo ti gbé ohùn sókè, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé ènìyàn kan wà l'Abẹ́òkúta tí mo ti já kulẹ̀ nítorí ọjà wọn.

Ohùn mi ló pe Àlàájà tó ni ilé ìtajà náà jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú ìbínú tó wà nínú mi. Kò bá mi jiyàn. Ó mú àwọn fótò náà ní etí, ó gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì ti mọ̀ láti ara bó ṣe dì wọ́n mú pé iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí i. “Ooru ló pa èyí, ọmọ mi.” Ó ní òun àti olóògbé ọkọ òun ló máa ń fi Polaroid, kámẹ́rà tí fótò tirẹ̀ náà ń jáde lójú ẹsẹ̀, ya fótò pásípọ́ọ̀tù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí wait-and-get, inú kúlà tí yìnyín wà ni wọ́n sì máa ń kó fíìmù sí látàárọ̀ dalẹ́. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kó tó wá di pé ilé iṣẹ́ Polaroid fúnra rẹ̀ kéde lọ́dún 2008 pé àwọn kò ní ṣe fíìmù mọ́. Ó pàṣẹ kí ọmọkùnrin náà kó gbogbo páálí kúrò nínú gíláàsì. Ó mú páálí kan tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà jáde láti inú fíríìjì, kò sì jẹ́ kí n ṣí i títí tí òtútù fi kúrò lára rẹ̀, kí omi má baà sẹ̀ sí i nínú. N kò tíì pàdé ọlọ́jà tó ní irú ìmọ̀ àti sùúrù bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo tún ọmọkùnrin náà yà, àwọ̀ ara rẹ̀ yọ kedere, títí kan ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti fótò náà bọ àpò láìsọ pé ẹ ṣé, láìsọ pé ẹ máa bínú.

Páálí méjì ni mo rà lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ kan náà tó ti kọjá ló sì wà lára ìkejì tí n kò tíì ṣí. Àlàájà pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi owó kún un kí n tó gba ìpààrọ̀ ti ìkejì, nítorí pé owó ọjà ti lọ sókè. Èyí dùn mí gan-an, mo sì sọ fún un. Kò sì sọ ohunkóhun nípa owó ọkọ̀ tí mo fi lọ sí Abẹ́òkúta lásán.

Fíìmù tuntun náà kò ní àbùkù. Mo padà lọ bá màmá aláró, ó fa aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di aró. Fótò ọwọ́ wa náà sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bíi ti aṣọ yẹn títí tí màmá fi rí ojú ara rẹ̀, pẹ̀lú aró tó mu ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó pe gbogbo agboolé jáde wá wò ó. Kí ẹni tó bá fẹ́ ya gbogbo ọjà má ṣe retí púpọ̀, nítorí fíláàṣì kámẹ́rà yìí kò ràn kọjá mítà 2 ó lé díẹ̀, àwòrán náà kò sì ju mìlímítà 62 sí 46 lọ. Ènìyàn kan, tàbí méjì tó fara mọ́ra, ni ó bá mu.

Kí ẹ tó sanwó níbẹ̀, ẹ hó bébà iye owó kúrò lójú wọn, kí ẹ ka ọjọ́ náà, kí ẹ sì ní ti inú fíríìjì ni ẹ fẹ́. Mo fún fíìmù ní máàkì 5 nínú 5. Mo fún ilé ìtajà náà ní 4, mo sì ṣì ń béèrè owó tí mo fi kún páálí kejì.