Ọ́fíìsì Ìrànwọ́ Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n Mi Débẹ̀

Ọdún 21 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣiṣẹ́ ológun, ọdún 9 sì ti kọjá tí wọ́n ti fẹ̀yìntì kí wọ́n tó gbà kí n mú wọn lọ sí ọ́fíìsì tí ìjọba ìbílẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. A ti dé ibẹ̀ nígbà mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta, a sì ti lọ sí ayẹyẹ ìmọrírì tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, nítorí náà mo lè sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òbí, ọkọ, aya tàbí ọmọ ìyá tó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀. Èrò mi ni pé bí ajagunfẹ̀yìntì bá ti lè dé iwájú tábìlì wọn, yóò rí ìrànwọ́ gbà, ìrànwọ́ gidi sì ni. Ọ̀nà tó lọ sí iwájú tábìlì náà gan-an ni wọn kò tí ì là.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣi iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí mú. Àwọn kọ́ ló ń san owó ìfẹ̀yìntì, wọn kò sì lè pàṣẹ fún àwọn tó ń san án. Iṣẹ́ tiwọn ni láti bá ènìyàn wá ìwé tó sọnù, láti bá a kọ fọ́ọ̀mù lọ́nà tí wọn kò fi ní dá a padà, láti fún un ní lẹ́tà tí yóò mú lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, àti láti máa tọ́pa fáìlì rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Bí ènìyàn bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé owó ni òun fẹ́ lọ gbà, inú rẹ̀ kò ní dùn nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ọkùnrin tó dá wa lóhùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti lé ní 60 ọdún, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ sọ́jà rí. Kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ni ó béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í rántí nọ́ńbà fóònù ara wọn, ka nọ́ńbà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdánu dúró, mo sì rí i tí gìgísẹ̀ wọn méjèèjì pàdé lábẹ́ àga. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé bírò lé orí ìwé, ó ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ fara balẹ̀. Kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù?" Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹ̀gbọ́n mi ní Sájẹ́ǹtì, n kò sì mọ̀ pé ó ń wu wọ́n láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn. Ọkùnrin náà kò jiyàn, ó kàn béèrè pé, "Ṣé etí yín máa ń hó lóru?" Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, nítorí pé gbogbo wa nílé ti ń sọ pé ìbínú ló ń dà wọ́n láàmú, pé wọn kì í fẹ́ dáhùn bí a bá pè wọ́n, pé wọ́n máa ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè jù, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè nípa etí. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo àìlera tí ìjọba ń tìtorí rẹ̀ san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, etí tó ń hó ni ti àwọn tó pọ̀ jù lọ. Ìró ìbọn àti ti ẹ̀rọ ńláńlá máa ń pa àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń gba ohùn sílé nínú ihò etí, ìwọ̀nyí kì í sì í hù padà.

Ó fún wa ní lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ó sì kìlọ̀ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí fi sọ́kàn. Bí wọn kò bá kọ àìsàn kan sínú ìwé nígbà tí sọ́jà ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣòro láti fi hàn lẹ́yìn náà pé ibi iṣẹ́ ni ó ti kó o. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá ẹni tí àwọn jọ wà ní ibùdó kan náà, kí onítọ̀hún kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ibi tí wọ́n wà, ọdún tó jẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nítòsí ìbọn ńlá láìsí ohun ìdáàbòbò létí. Ìmọ̀ràn yẹn nìkan tó ohun tí a tìtorí rẹ̀ jáde nílé.

Ohun kejì tí mo gbọ́dọ̀ yìn ni ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti jagun rí ni wọ́n ń darí ọ̀rọ̀. Ètò báyìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1979, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Vet Center sí àárín ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ogun Vietnam dé kò fẹ́ẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì gba àwọn tó ti jagun náà síṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1980, ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ náà tó kọ ohun tí à ń pè ní PTSD lónìí, ìyẹn ìdààmú ọkàn tí ohun ẹ̀rù tí ènìyàn là kọjá máa ń fà, sínú ìwé àìsàn wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa sọ́jà tí ìró ìbọn ti dà lọ́kàn rú. Ọdún 65 rèé láàárín méjèèjì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe àìsàn ní ojo.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹbí wọlé sí ìpàdé náà, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ gbé ọkọ̀, pé kí a jọ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. A rìn, wọn kò sọ nǹkan kan, àmọ́ wọn kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bíbojú wẹ̀yìn ti jẹ́ àṣà wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Síbẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé yìí, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ oṣù kò sì lè wá. Ọkùnrin nìkan ni mo tún rí níbẹ̀. Obìnrin pọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ológun, tó sì ní ohun tí kò lè sọ láàárín àwùjọ ọkùnrin. Nígbà tí mo béèrè ètò tó wà fún wọn, èsì tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ń rò ó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ ni ó dùn mí jù. Orí àjà kejì ni ọ́fíìsì náà wà, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè kò sì ṣiṣẹ́ nígbà méjì nínú mẹ́rin tí a lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fi igi rìn tó jókòó sórí àtẹ̀gùn kó lè sinmi kó tó parí rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ kẹta, ìyá kan tí ọkọ wọn ti kú jókòó tì wá, àpò nílọ́ọ̀nù tó kún fún ìwé wà lórí itan wọn. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin ti kọjá tí bàbá ti kú, ẹnu ẹnì kan ni àwọn sì ti gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ọ́fíìsì kan wà tó ń ran opó sọ́jà lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin! Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí wọn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ìrànwọ́ jáde lọ pàdé ẹni tó nílò rẹ̀. Ní ìlú Buffalo ní New York, ní ọdún 2008, Adájọ́ Robert Russell dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó bá kó sínú ẹjọ́, ó sì ń fa ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kó máa bá a rìn títí ìtọ́jú yóò fi parí. Ìbéèrè kan péré, "Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun rí?", bí wọ́n bá ń bi ènìyàn ní ilé ìwòsàn, ní àgọ́ ọlọ́pàá àti ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ẹni tó kú sílẹ̀, ìyá yẹn kì bá tí fi ọdún mẹ́rin dá nìkan ru ẹrù yìí.

Ní ti ayẹyẹ ìmọrírì, n kò ní sọ púpọ̀. Àwọn àlejò pàtàkì jókòó sábẹ́ ìbòòji, àwọn tí a tìtorí wọn pé jọ sì dúró lórí ìlà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, bí orúnkún ọ̀pọ̀ wọn ti rí yẹn. Ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní àṣìkọ orúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún un kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìtọrọ àforíjì. Ibi tó gún régé ni ìgbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú lọ́dún náà pẹ̀lú ipò tí wọ́n dé, tí wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ẹbí rẹ̀ lè dáhùn pé, "Ó wà níbí."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn pọ̀, ọkàn mi lọ sí Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún 1948. Àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀pọ̀ wọn dé Burma, ń mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá gómìnà nítorí ìlérí tí ìjọba náà kò mú ṣẹ, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn lù wọ́n lójú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú níbẹ̀. Àwọn náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn nígbà tí ogun parí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè dé kí èrò tó pọ̀, ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì, gbogbo ìwé ilé ìwòsàn tó bá wà nílé àti ẹ̀dà wọn dání, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni yín dá lọ, nítorí ẹ̀yin ni yóò rántí ohun tí òun bá sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí. Ẹ̀bẹ̀ owó gbà-má-bínú wọn ṣì wà lọ́nà. Lánàá ni wọ́n pè mí pé àwọn ti rí ẹnì kan tí àwọn jọ wà ní ibùdó, tí kò mọ̀ pé ọ́fíìsì náà wà, kí n wá gbé àwọn méjèèjì ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.