Kámẹ́rà iwájú àbí ti ẹ̀yìn?

Ní Kàbà níbí, èmi nìkan ni mo máa ń ya fídíò ara mi nínú yàrá. Kámẹ́rà iwájú fóònù rọrùn lóòótọ́: bí gèlè bá wọ́, wàá rí i lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ àwòrán ara rẹ ni wàá máa wò dípò lẹ́ǹsì. Bó o ṣe ń kí àwọn tó ń wò ọ́ ní "ọ̀kún o", ojú rẹ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ti ẹ̀yìn ni mo fara mọ́, torí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Mo wọ aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ògìdì lọ́jọ́ kan. Ti iwájú da gbogbo òwú pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo, ti ẹ̀yìn sì fi ìlà pupa tín-ín-rín etí rẹ̀ hàn kedere. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé o ò ní rí ara rẹ. Mo máa ń gbé dígí kékeré sẹ́yìn fóònù, kí n lè rí ohun tó ń hàn lójú fóònù nínú dígí.

Ní ti bí fídíò ṣe mọ́ kedere tó, 1080p ti tó. Àwọn àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán nínú 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p, ó sì ń jẹ àyè lórí fóònù. Èyíkéyìí tó o bá lò, kọjú sí fèrèsé, má kẹ̀yìn sí i. Lásìkò ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ nu eruku lójú lẹ́ǹsì.